Francisco Tárrega: Ẹni Tó Ni Orin Nokia, Àti Gìtá Tó Tọ́ Sí Ọwọ́ Rẹ̀



Ẹ ó rántí àárọ̀ ọjọ́ tí fóònù Nokia kékeré kan dún nígbà tí a wà lórí ìlà, tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́. Mi ò ní dárúkọ olùkọ́ tó ni fóònù, nítorí mo ṣì fẹ́ yege. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín, títí kan àwọn tó dijú. Ohun tí mi ò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé orin tí fóònù yẹn kọ kì í ṣe orin fóònù rárá. Orin gìtá ni. Orin ijó waltz kan ni wọ́n ti gé e, Gran Vals lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin ará Sípéènì kan tó ń jẹ́ Francisco Tárrega ló sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1902. Ó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ilé iṣẹ́ Nokia tó mú ìwọ̀nba bíńtín yẹn nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990. Kò gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀.

Olùkọ́ orin wa ló là mí lóye lórí èyí, nígbà tí mo gbé gìtá mi tó fọ́ lọ bá wọn. Kí n kúkú sọ ti gìtá yẹn tán, torí òun ló jẹ́ kí n máa wá ìtàn Tárrega kiri.

Ní ìsinmi tó kọjá ni mo rà á. Owó tí mo kó jọ níbi tí mo ti ń bá ẹ̀gbọ́n mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù ni mo kó lé e. Ẹni tó tà á fún mi ò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n ta tàbí mi ò mọ̀ ọ́n ta, èmi náà ò sì béèrè nǹkan kan. Èyí tó ń dán jù ni mo nawọ́ sí. Ọrùn rẹ̀ fẹ̀, okùn náílọ́ọ̀nù ló wà lára rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. Èmi sì fẹ́ kó máa dún goro-goro bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo bá lọ ra okùn wáyà, mo tú náílọ́ọ̀nù dànù, mo so wáyà mọ́ ọn. Kò pé ọjọ́ mẹ́rin, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo rí i pé igi pẹlẹbẹ tí okùn so mọ́ lójú gìtá ti ṣí kúrò, ó sì ti fa ojú gìtá náà ya. Classical guitar ni mo rà, mi ò mọ̀. Bí okùn wáyà ṣe ń fa ojú gìtá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì bí náílọ́ọ̀nù ṣe ń fà á. Wọn ò ṣe irú gìtá bẹ́ẹ̀ fún wáyà rárá.

Màmá mi ò pariwo lé mi lórí. Wọ́n kàn sọ pé àwọn á ràn mí lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni o. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù ju ariwo lọ. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó ta gìtá tó bẹ́ẹ̀ tí orin rẹ̀ fi wọnú fóònù gbogbo ayé, irú gìtá wo lòun gan-an fi bẹ̀rẹ̀?

Ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún 1852 ni wọ́n bí Tárrega ní Villarreal, ìlú kan ní agbègbè Castellón ní ìlà-oòrùn Sípéènì. Wọn kì í ṣe olówó. Iṣẹ́ ọlọ́dẹ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe ní ilé àwọn sísítà ìjọ Àgùdà, ìyá rẹ̀ náà sì ń bá àwọn sísítà yẹn ṣiṣẹ́. Bàbá yìí ní gìtá kan nílé tó fi ń ta flamenco, orin àwọn ará gúúsù Sípéènì. Tó bá ti forí lé ibi iṣẹ́ báyìí, ọmọ á yọ́ kẹ́lẹ́ gbé e, á máa wá ohùn tó gbọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ kiri lórí okùn. Gìtá àkọ́kọ́ tó fọwọ́ kàn nìyẹn: gìtá bàbá rẹ̀, èyí tó wà nílẹ̀.

Nígbà tó ṣì kéré gan-an ló já sínú kòtò omi tí wọ́n fi ń bomi rin oko, ìjàǹbá yẹn sì ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀rù ba bàbá rẹ̀ pé ojú lè fọ́ pátápátá lọ́jọ́ iwájú. Ó kó ìdílé rẹ̀ lọ sí Castellón kí ọmọ náà lè kọ́ orin níbẹ̀, torí ó rò ó pé tí ojú bá tiẹ̀ lọ, ọwọ́ á ṣì máa wá oúnjẹ. Àwọn méjì tó kọ́kọ́ kọ́ ọ lórin, afọ́jú làwọn méjèèjì. Eugeni Ruiz lorúkọ ọ̀kan, Manuel González ni èkejì. Ìyẹn wú mi lórí gan-an ni. Tí olùkọ́ rẹ ò bá ríran, kò ní wo bóyá gìtá rẹ ń dán. Ohun tó ń ti ara rẹ̀ jáde ni yóò máa gbọ́.

Ní ọdún 1862, ògbóǹtarìgì onígìtá kan tó ń jẹ́ Julián Arcas wá ṣeré ní Castellón. Ó gbọ́ bí ọmọ náà ṣe ń ta á, ó sì gba bàbá rẹ̀ níyànjú pé kó jẹ́ kó wá kọ́ ọ sí i ní Barcelona. Bàbá gbà, àmọ́ ó ní kó máa kọ́ píánò pẹ̀lú. Ẹ má bínú sí bàbá yẹn o. Nígbà náà, gìtá ni nǹkan tí wọ́n fi ń tẹ̀ lé orin ní ilé ọtí, píánò ni ohun èlò àwọn èèyàn ńlá. Bí òbí wa kan ṣe máa ń ní ká fi Physics ti orin lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ní Barcelona, kàkà kó jókòó ti ẹ̀kọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá yìí sá lọ. Ó fẹ́ máa ta gìtá ní àwọn ilé kọfí kó lè rówó. Bàbá wá a rí, ó mú un padà sílé. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ó tún sá lọ bá àwọn Gypsy ní Valencia. Wọ́n tún wá a rí. Kò pẹ́, ó tún sá lọ sí Valencia lẹ́ẹ̀kẹta! Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ìtàn ni mo ń sọ, mi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìsákúsàá.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kíyè sí ni pé ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, láti kékeré títí ó fi tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Tárrega ò ní gìtá olówó ńlá kankan. Síbẹ̀, kó tó bàlágà dáadáa, ó ti ń fi gìtá àti píánò jẹun, ó sì ń fowó ran àwọn ará ilé rẹ̀ lọ́wọ́.

Ìgbà tó wà ní ìlú Burriana ni oníṣòwò ọlọ́rọ̀ kan, Antonio Canesa, bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lẹ́yìn. Ọdún 1869 ni ọ̀gbẹ́ni yìí mú un rìnrìn àjò lọ sí Seville, lápá kejì orílẹ̀-èdè náà, lọ́dọ̀ aṣegìtá kan tó ń jẹ́ Antonio de Torres. Ibí gan-an ni ìtàn yìí ti dùn mọ́ mi jù, torí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa Torres.

Káfíńtà ni Torres kó tó di aṣegìtá. Ìtòsí Almería ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1817. Kó tó dé, gìtá kéré, ìbàdí rẹ̀ tín-ín-rín, ohùn rẹ̀ ò sì lọ jìnnà. Torres mú kí ara gìtá fẹ̀ sí i, ó fá ojú rẹ̀ kó fúyẹ́, ó wá to igi tín-ín-rín méje sábẹ́ ojú náà bí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀, kó lè lágbára láìwúwo. Ìwọ̀n okùn tó lò, nǹkan bíi 650 mílímítà láti orí ọrùn dé ibi tí okùn jókòó sí lójú gìtá, ni ọ̀pọ̀ classical guitar ńlá ṣì ń lò títí dòní. Ó gbà gbọ́ pé ojú gìtá ló ń sọ̀rọ̀, pé ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Kó lè fi hàn pé òótọ́ lòun ń sọ, ní ọdún 1862 ó ṣe gìtá kan tí ojú rẹ̀ jẹ́ igi gidi, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ páálí. Páálí o! Gìtá náà wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orin ní Barcelona di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí.

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ni pé nígbà tí Tárrega àti ọ̀gá tó tì í lẹ́yìn wọlé, Torres wo ọmọ kékeré tó dúró níwájú rẹ̀, ó sì gbé gìtá kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ nǹkan bàbàrà fún un. Gìtá dáadáa ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tó dáa jù nínú ilé. Tárrega jókòó, ó ta á. Torres ń gbọ́. Nígbà tó gbọ́ ohun tí ọwọ́ ọmọ náà ń ṣe, ó dìde, ó wọlé lọ gbé òmíràn jáde, èyí tó ti ṣe ní ọdún 1864 tó sì fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Òun ló kó lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Mo ka ibí yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹta. Lákọ̀ọ́kọ́, inú bí mi sí Torres, mo ní ó fojú di ọmọ ọlọ́mọ. Nígbà tó yá ni mo rí i pé kò fojú di í. Kò tíì mọ̀ ọ́n ni. Kí ló fẹ́ kó ṣe? Gìtá bíi ti 1864 yẹn, gbogbo nǹkan tí ìka bá ṣe ló máa ń sọ síta: èyí tó dáa àti èyí tí ò dáa. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé e, àṣìṣe rẹ̀ náà á máa dún ketekete. Tárrega tó gbà á lọ́jọ́ yẹn, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ló ti fi ń ta gìtá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ẹgbẹ́ àwa SS2. Ó sì lo gìtá kan ṣoṣo yẹn fún nǹkan bí ogún ọdún, títí ó fi gbó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní ọdún 1874 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ orin gíga ní Madrid. Ó kọ́ píánò níbẹ̀, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orin sílẹ̀, ṣùgbọ́n gìtá ló padà borí. Ó ṣeré dé Paris àti London ní nǹkan bí ọdún 1880. Ní 1882 ó fẹ́ María José Rizo, lẹ́yìn náà wọ́n fi Barcelona ṣe ilé.

Iṣẹ́ tó ṣe níbẹ̀ ló sọ gìtá di nǹkan mìíràn. Ó mú orin tí àwọn bíi Bach, Beethoven àti Chopin kọ fún ohun èlò mìíràn, ó tún un tò kí okùn mẹ́fà lè gbé e. Ẹ̀kọ́ píánò tí bàbá rẹ̀ fi dandan lé ló ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún bàbá lẹ́tọ̀ọ́ rẹ̀. Ó tún kọ tirẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni Recuerdos de la Alhambra, tó fi rántí ààfin àwọn ọba Mùsùlùmí àtijọ́ tó wà ní Granada. Nínú orin yẹn, àtàǹpàkò ń rìn lórí okùn tó ki, ìka mẹ́ta yòókù ń sáré lé ara wọn lórí ohùn kan ṣoṣo, débi pé ẹni tí kò bá rí i yóò búra pé èèyàn méjì ló ń ta gìtá. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ẹ má béèrè bó ṣe rí.

Ṣùgbọ́n kò kọ èyí tó le nìkan. Ó kọ Lágrima àti Adelita, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ìṣẹ́jú méjì lọ, tí ọmọ ilé ìwé tó bá ti fi nǹkan bí ọdún kan tẹra mọ́ ọn lè bẹ̀rẹ̀ sí í dán wò. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ ló fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn. Miguel Llobet àti Emilio Pujol, tí orúkọ wọn ròkè lẹ́yìn rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ làwọn méjèèjì. Àṣà kí onígìtá gbé ẹsẹ̀ òsì lé àpótí kékeré kí gìtá lè jókòó dáadáa lórí itan, òun ló sọ ọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń ṣe. Kò fẹ́ràn gbọ̀ngàn ńlá. Yàrá tí èèyàn díẹ̀ jókòó sí ló wù ú. Nígbà tó dàgbà, ó gé èékánná ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kúrò, ó ń fi ẹran ìka lásán ta okùn. Okùn ìgbà náà, ìfun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe àwọn tín-ín-rín, náílọ́ọ̀nù ò tíì sí. Ohùn tó ń wá bẹ́ẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó mọ́, ìyẹn ló sì fẹ́.

Ní ọdún 1906 àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú, apá ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ẹ ronú nípa onígìtá tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ rọ. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ náà sì padà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá ọdún 1909 ló kú ní Barcelona, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Kò di olówó. Nígbà tó ṣe, wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà lọ sí Castellón, ìlú tí àwọn afọ́jú méjì ti kọ́ ọ.

Ó wá kan tèmi báyìí. Ní Sátidé tó kọjá lọ́hùn-ún, olùkọ́ orin wa gbà láti bá mi dé ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta gìtá. Owó màmá mi wà lápò mi, mo sì ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo ojú ọ̀nà. Bí a ṣe wọlé, ojú mi tún lọ sórí èyí tó ń dán jù. Igi gidi ni ojú rẹ̀, igi gidi ni ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n fi bí wọ́n ṣe ń dá a mọ̀ hàn mí: wọ́n ní kí n wo etí ihò tó wà láàárín. Tí ìlà igi tó wà lójú bá gba etí náà wọlé tààrà, igi gidi ni. Tó bá jẹ́ pele-pele bí i búrẹ́dì tí wọ́n tò lérí ara wọn, pláíwúùdù ni. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n mú igi gidi yẹn. Owó ẹ̀ ì bá kúkú gbá gbogbo tọwọ́ mi lọ.

Olùkọ́ ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n jókòó, kí n ta ohun tí mo mọ̀. Mo ta á. Kò pẹ́ tí ohun tí mo mọ̀ fi tán.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi jẹ́ẹ́jẹ́, wọ́n gbé e kọ́ padà sára ògiri. Èyí tí wọ́n gbé wálẹ̀, pláíwúùdù ni látòkè délẹ̀, kò dán. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ kò ní jinlẹ̀ tó ti igi gidi, ṣùgbọ́n tí ọyẹ́ bá dé, igi gidi tí wọn ò bá tọ́jú lè sán, pláíwúùdù á sì máa wò ó. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní. Ọrùn rẹ̀ tọ́. Gíga okùn lórí irin kejìlá jẹ́ nǹkan bíi mílímítà mẹ́rin lábẹ́ okùn tó ki jù, mẹ́ta lábẹ́ èyí tó tín-ín-rín jù. Tó bá ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ní ìka á máa ro mí, màá sì pa á tì. Tó bá wálẹ̀ jù, okùn á máa gbọ̀n rìrì lára irin. Wọ́n ní kí n fi ìka òsì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ ààyè mẹ́rin àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kí n má gbé èyíkéyìí sókè. Ìka mi dé ibẹ̀, ó kan fà díẹ̀. Wọ́n ní gìtá ńlá bá mi mu nìyẹn. Àbúrò mi tó wà ní JSS1 náà tẹ̀ lé wa, òun náà dán an wò, ọwọ́ tiẹ̀ ò dé rárá. Wọ́n ní kí òun wá èyí tó kéré sí i nígbà tí tiẹ̀ bá dé, wọ́n máa ń ṣe é ní ìdajì àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin.

A san owó. Ó ṣẹ́ kù, mo dá ìyókù padà fún màmá mi. Wọ́n kà á lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn bú sẹ́rìn-ín.

Okùn náílọ́ọ̀nù ló wà lára gìtá náà, kò sì sẹ́ni tó máa rí wáyà níbẹ̀. Mi ò tíì tó ẹni tó ń dán Lágrima wò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n alaalẹ́ lẹ́yìn prep ni mo ń fi ìka tọpa rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìlà kejì ni mo wà báyìí. Ìka kékeré mi ò tíì gbọ́ràn níbì kan níbẹ̀, àwọn tó wà ní yàrá kejì sì ti mọ ibẹ̀ dunjú.